Kí ni ká kọ sára àwo ẹ̀yẹ àwọn ọmọ? Gbòǹgbò Látìn nínú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń yin ọlọ́pọlọ pípé

Olùkọ́ Yábàá

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Yábàá, a sì fẹ́ ṣe ayẹyẹ ìfúnnilẹ́bùn ní òpin sáà yìí. Ọ̀gá wa ti to àwọn ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ sára àwo ẹ̀yẹ: “Brilliant” fún ọmọ tí ó gba ipò kìíní jù lọ, “Genius” fún ìṣirò, “Ingenious” fún ọmọ tí ó fi páànù àti bátìrì ògbólógbòó ṣe fáànù tí ń fẹ́ atẹ́gùn ní ti gidi, “Illustrious” fún olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, “Luminary” fún ẹni tí ó máa ń jókòó ti àwọn tí ẹ̀kọ́ kò yé, àti “Prodigy” fún ọmọ kékeré kan tí ó ń ka ìwé àwọn tí ó jù ú lọ.

Èmi ni wọ́n ní kí n dìde láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní èdè Yorùbá, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí àti àwọn ìyá àgbà tí yóò wá ni kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìṣòro wà ni pé bí mo bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé “ọlọ́gbọ́n gan-an” ni wọ́n tú gbogbo wọn sí, n kò sì lè dúró níwájú àwọn òbí kí n máa wí ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹfà. Mo mọ̀ pé inú èdè Látìn ni wọ́n ti wá. Bí mo bá mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, mo gbà pé n ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ fún àwọn ènìyàn. Kí ni ìyàtọ̀ wọn? Ǹjẹ́ èyí tí kò yẹ ọmọdé wà nínú wọn? Àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú ń retí wa.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkókà

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́ wa. Ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni mo ń kọ́, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà tí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gbà wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066, èdè Faransé di èdè ààfin àti ilé ẹjọ́ níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọmọ bíbí inú Látìn sì ni èdè Faransé. Nígbà tí ó yá, ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún àti ìkẹtàdínlógún, àwọn ọ̀mọ̀wé wọn tún ń yá ọ̀rọ̀ ní tààrà láti inú àwọn ìwé Látìn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìyìn fún ọpọlọ fi pọ̀ lọ́wọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀.

Mẹ́ta nínú mẹ́fà tí ẹ kà sílẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀. “Brilliant” wọ inú Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún láti inú “briller” àwọn Faransé, tí ó jẹ́ kí nǹkan máa dán, kí ó máa kọ mọ̀nà. Àwọn Faransé gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì tí ń sọ pé “brillare”, àwọn ará Ítálì sì mú un láti inú “beryllus”, orúkọ Látìn fún òkúta bérílì, èyí tí ó jẹ́ ìkẹjọ nínú àwọn ìpìlẹ̀ odi Jerúsálẹ́mù tuntun nínú Ìfihàn orí 21. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń yìn ni dídán tí ó ti ara nǹkan fúnra rẹ̀ jáde, tí ojú ẹni tí ń wò ó kò lè ṣàìrí.

“Illustrious” yàtọ̀ sí èyí. “Illustris” ni Látìn rẹ̀, ó sì ń sọ nípa ohun tí ìmọ́lẹ̀ tàn sí lára, tí kò farasin mọ́. Nígbà tí ìjọba Róòmù ń lọ sí ìparí rẹ̀, oyè gan-an ni: àwọn ọlọ́lá ni wọ́n ń pè ní “clarissimus”, àwọn tí ó ga jù wọ́n lọ ni “spectabilis”, àwọn tí ó wà lókè pátápátá sì ni “illustris”. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti hàn sí gbogbo ìlú fún ọdún pípẹ́ ni ó yẹ. Lójú tèmi, kò tíì tọ́ sí ọmọ tí ó ṣì ń wọ aṣọ ilé ìwé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ olórí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

“Luminary” ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn. “Lumen” ni ìmọ́lẹ̀, “luminare” sì ni ohun tí ń tàn fún ẹlòmíràn, ì báà ṣe fìtílà, ì báà ṣe ohun ojú ọ̀run. Nínú Bíbélì Látìn, ní Jẹ́nẹ́sísì 1:16, níbi tí a ti kà pé Ọlọ́run dá ìmọ́lẹ̀ ńlá méjì, “luminaria” ni wọ́n pe oòrùn àti òṣùpá. Ọmọ tí ń jókòó ti àwọn tí ẹ̀kọ́ kò yé ni ó ni ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ má fún ẹlòmíràn.

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ fi ojú sí “Ingenious” dáadáa. Mo ti rí àwo ẹ̀yẹ tí wọ́n kọ “Ingenuous” sí, tí kò sí ẹni tí ó kíyè sí i títí wọ́n fi gbé e lé ọmọ lọ́wọ́ lórí pẹpẹ. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń sọ kò jọra rárá. Bí a bá ti fín in sára irin tán, kò ṣeé pa rẹ́ mọ́. Mo fi ìtumọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ọ.

Bàbá Ìsàlẹ̀ Èkó

Atẹ̀wé, ọmọ mi, o ṣeun tí o sọ èyí. Nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́, wọ́n ṣì ń kọ́ Látìn ní àwọn ilé ìwé gíga ní Èkó níbí, kò sì yani lẹ́nu, nítorí pé Látìn wà lára àmì ẹ̀yẹ ilé ìwé mélòó kan. King’s College tí wọ́n dá sílẹ̀ ní erékùṣù Èkó ní ọdún 1909 ṣì ń lo “Spero Lucem”, èyíinì ni “Mo ń retí ìmọ́lẹ̀”, “lucem” yẹn sì jẹ́ mọ̀lẹ́bí “lucid” tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ọ̀rọ̀ tí ó yéni kedere.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé ni pé “Genius” àti “Ingenious” kò sí nínú ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ ìbí ni wọ́n. “Gignere” ní Látìn ni kí a bí ọmọ. Àwọn ará Róòmù gbà pé ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ni a bí pẹ̀lú ẹ̀mí kan tí ń bá a rìn, tí ń tọ́ ọ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, ẹ̀mí yìí ni wọ́n ń pè ní “genius”. Tí àwọn obìnrin ni wọ́n ń pè ní “juno”. Ní ọjọ́ ìbí ẹni ni wọ́n máa ń fi wáìnì àti tùràrí bọ ọ́. Ẹ kíyè sí i pé ní ìgbà náà, kò sí ẹni tí wọ́n ń sọ pé ó *jẹ́* genius. Gbogbo ènìyàn ni ó *ní* i, òmùgọ̀ ní tirẹ̀, ọlọ́gbọ́n ní tirẹ̀. Ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún ènìyàn tí ẹ̀bùn rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bí ó bá jẹ́ èmi ni n ó sọ ọ́ fún àwọn ìyá àgbà, orí ni n ó pè é, ọ̀rọ̀ á sì yé wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

“Ingenium” ni ohun tí a bí mọ́ ènìyàn, pàápàá jù lọ làákàyè àbínibí. Láti inú rẹ̀ ni “ingeniosus” ti wá, tí ó di “ingenious”: ẹni tí làákàyè rẹ̀ ń bí nǹkan tuntun. “Ingenium” yìí kan náà ni àwọn Faransé àtijọ́ sọ di “engin”, tí Gẹ̀ẹ́sì sì gbà lọ́wọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí “engine”. Ọgbọ́n inú àti ète ni “engine” kọ́kọ́ jẹ́ kí ó tó di orúkọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ọgbọ́n yẹn ṣe, pàápàá ẹ̀rọ ogun, ẹni tí ń ṣe é sì di “engineer”. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì tí àwọn mẹkáníìkì ń sọ̀ kalẹ̀ ní Ládípọ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ fún ọmọ oní-fáànù yẹn, inú kan náà ni wọ́n ti jáde. Kò sí ẹ̀bùn tí orúkọ rẹ̀ bá a mu tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo àkọsílẹ̀ yín.

Ní ti “ingenuous” tí Atẹ̀wé bẹ̀rù, “ingenuus” ni ọmọ onílẹ̀, ẹni tí a bí ní òmìnira, tí kì í ṣe ẹrú. Nítorí pé wọ́n gbà pé ọmọlúwàbí kì í tan ènìyàn, ó di ọ̀rọ̀ fún ẹni tí inú rẹ̀ mọ́, tí kò mọ ẹ̀tàn, àní tí àwọn ènìyàn lè tètè tàn jẹ. Ohun tí ó ru ọ̀rọ̀ náà lójú ni pé “ingenuity”, tí a ń lò fún ọgbọ́n àtinúdá lónìí, ọ̀dọ̀ “ingenuus” ni ó ti wá ní ti gbòǹgbò, ṣùgbọ́n “ingenious” ti gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́ láti ìgbà pípẹ́.

Ọmọ Ìṣẹ̀ṣe, Mùṣín

Ẹ̀yin bàbá wa, mo dọ̀bálẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa Látìn ni mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí Olùkọ́ sọ fún àwọn ènìyàn pé genius ni orí. Yíyàn ni a yan orí. Lọ́dọ̀ Àjàlá alámọ̀ ni olúkúlùkù ti yan tirẹ̀ kí ó tó wá sí ayé, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní àkúnlẹ̀yàn. Genius àwọn ará Róòmù kò ní yíyàn nínú. Ìgbà tí a bí ènìyàn ni ó dé, agbára ìbísí sì ni ó so mọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pe ibùsùn ìgbéyàwó ní “lectus genialis”.

Yàtọ̀ sí èyí, genius baálé ni gbogbo agbo ilé ń bọ, àti ẹrú àti ọmọ. Ní ìlú Pompeii, lára ògiri ojúbọ inú ilé tí wọ́n ń pè ní ilé àwọn Vettii, genius náà wà níbẹ̀ tí ó wọ aṣọ toga, tí ejò sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, genius ọba ni wọ́n ń fi búra káàkiri ilẹ̀ Róòmù. Àwa kì í bọ orí ẹlòmíràn. Orí ẹni ni à ń bọ, àwọn baba wa sì ti wí i pé kò sí òòṣà tí í dá ni í gbè lẹ́yìn orí ẹni. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti jọra, n kò jiyàn, àmọ́ bí a bá fi ọ̀kan pe èkejì níwájú àwọn ọmọ, a ó pàdánù ohun tí ó jẹ́ tiwa nínú rẹ̀.

Bàbá Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yíyàn tí o mú wá yẹn wúwo, mo sì gbà á. Kí Olùkọ́ sọ pé “ẹ̀bùn àbínibí”, kí ó sì fi kún un pé àwọn ará Róòmù gbà pé ẹ̀mí kan ni ó ń bá ọmọ wá. Bí àwọn ìyá àgbà bá wá dáhùn fúnra wọn pé orí ọmọ náà pé, ẹnu wọn ni ó ti jáde, kò sì sí ẹni tí yóò dá wọn lẹ́kun.

Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè

Ó yà mí lẹ́nu pé kò sí ẹni tí ó tíì fọwọ́ kan “Prodigy”. Òbí ni mí, n kì í ṣe ọ̀mọ̀wé èdè, ṣùgbọ́n mo ti ka ìtàn àwọn ará Róòmù dáadáa. “Prodigium” lọ́dọ̀ wọn kì í ṣe ìyìn. Àmì ibi ni: màlúù tí ó fọhùn bí ènìyàn, òkúta tí ó rọ̀ láti ojú ọ̀run, ọmọ ẹran tí wọ́n bí pẹ̀lú orí méjì. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ Sẹ́nétì, wọ́n á ní kí àwọn àlùfáà yẹ àwọn ìwé Sibyl, èyíinì ni ìwé àsọtẹ́lẹ̀ wọn, wò, wọ́n á sì rú ẹbọ kí ìbínú àwọn òrìṣà lè rọlẹ̀. Ọmọ tí ìbí rẹ̀ ṣàjèjì wà lára ohun tí wọ́n ń kà sí prodigium, àwọn mìíràn nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sì rí ìyọ́nú gbà.

Èmi tí mo bí ìbejì ní ilẹ̀ tí a ti mọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe sí ìbejì ní ayé àtijọ́ kí ojú tó là, n kò lè jókòó kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí ó ń pe ọmọ ní èèmọ̀ lé ọmọ kékeré lọ́wọ́ kí n sì máa pàtẹ́wọ́. Kí ni ó dé tí ẹ kò lo “Talent”? Gbogbo ẹni tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Èkó ni ó mọ tálẹ́ńtì tí ó wà nínú Mátíù orí 25, nítorí pé bí ó ṣe wà nínú Bíbélì Yorùbá nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkókà

Ìyá wa, ìtàn prodigium tí ẹ sọ dájú, mo sì mọ ibi tí ó ti dùn yín. Síbẹ̀ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ kọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni “prodigy” ti ń jẹ́ ọmọ tí ẹ̀bùn rẹ̀ ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tí ń gbọ́ àmì ibi nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ wo “candidate”: “candidus” ni funfun tí ń dán, àwọn tí ń du ipò ní Róòmù máa ń fi ẹfun sí toga wọn kí ó lè funfun gbòò, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní “candidatus”, ẹni aláṣọ funfun. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó ṣe ìdánwò WAEC pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ búlúù lára ṣì ń jẹ́ candidate. Bí a bá ní kí gbòǹgbò máa pàṣẹ fún wa, a kò ní lè lo ìdajì nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Olùtọ́jú Ìwé, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún nǹkan kan ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ wa sọ nípa “brilliant” bí ẹni pé gbogbo ọ̀nà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ “beryllus” ti dájú. Títí dé “brillare” ni ó dájú. Láti ibẹ̀ lọ sí òkúta bérílì, ohun tí àwọn onímọ̀ kan gbà ni, tí àwọn mìíràn kò sì gbà. Ohun tí ó dájú nípa bérílì ni ti àwọn ará Jámánì, tí wọ́n ń pe jígí ojú ní “Brille”, nítorí pé irú òkúta tí ó mọ́ gaara bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣe é. Olùkọ́, bí ẹ bá fẹ́ mẹ́nu ba bérílì, ẹ sọ pé “àwọn kan gbà pé”.

Lórí “Prodigy”, ìlò òde òní tí Akẹ́kọ̀ọ́ tọ́ka sí tọ̀nà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún Olùkọ́ ni kí ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kò sì sí bí yóò ṣe ṣàlàyé ti “Prodigy” láìjẹ́ pé àmì ibi jẹ yọ níwájú ìyá ọmọ náà. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì ni mo wà. “Talentum” ni Látìn gbà lọ́wọ́ Gíríìkì, òṣùwọ̀n ni, ó sì tún jẹ́ owó: tálẹ́ńtì kan ní Áténì tó nǹkan bíi kílógíráàmù 26 fàdákà. Òwe Jésù nípa àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ mẹ́ta ni ó sọ ọ́ di ẹ̀bùn tí a fi sí ìkáwọ́ ènìyàn kí ó lè fi ṣòwò. Ìyìn wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ ṣíṣe náà sì wà níbẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ri tirẹ̀ mọ́lẹ̀ kò gba oríyìn.

Ohun tí ó ká mi lára jù ni pé ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìbí nìkan ni ẹ ń sọ, tí ẹ fi gbàgbé àwọn ọ̀rọ̀ tí ń sọ iṣẹ́ tí ọpọlọ ń ṣe gan-an. “Intelligent” wá láti inú “intellegere”, “inter” ni àárín, “legere” sì ni kí a ṣà, kí a yàn, kí a kàwé. Ẹni tí ó lè ṣa èyí tí ó dára láàárín ọ̀pọ̀ nǹkan ni. “Acumen” ni ṣóńṣó ohun tí a pọ́n, láti inú “acuere”, kí a pọ́n nǹkan kí ó mú. “Sagax” ni wọ́n ń lò fún ajá ọdẹ tí imú rẹ̀ ń tètè gbóòórùn ẹran, òun ni ó di “sagacious”. “Sapere” sì ni kí a tọ́ nǹkan wò kí a mọ adùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó di kí a gbọ́n. Láti inú rẹ̀ ni Linnaeus, onímọ̀ ẹ̀dá oníyè ará Sweden, ti fún ọmọ ènìyàn ní orúkọ “Homo sapiens” ní ọdún 1758, òun náà ni ó wà nínú “Recte sapere fons” tí ó jẹ́ àkọmọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n mú láti inú ewì Horace, akéwì Róòmù.

Èyí tí ó sì wù mí fún ilé ẹ̀kọ́ ju gbogbo wọn lọ ni “Erudite”. “Rudis” ni ohun tí ó ṣì rí wúruwùru, bí igi tí ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kò tíì kàn; “e” tí ó wà níwájú rẹ̀ ń sọ pé wọ́n ti mú un kúrò nínú ipò yẹn. Kò sí àbínibí nínú rẹ̀, kò sí dídán àìròtẹ́lẹ̀. Ọmọ tí ó fi orí kunkun kàwé títí ó fi yege ni ó ń yìn, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a sì máa ń gbàgbé nígbà tí a bá ń pín ẹ̀bùn. Olùkọ́, ẹ bẹ ọ̀gá yín kí ó fi ẹ̀bùn kan kún un nítorí irú wọn.

Òbí kan, Agége

Mo fẹ́ béèrè. Bàbá sọ pé “lucid” àti “lucem” jẹ́ mọ̀lẹ́bí. Ṣé kì í ṣe inú agbo ilé yẹn kan náà ni Lusiferi wà? Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, àwọn kan kì í fẹ́ kí ọmọ wọn jẹ́ Lucy nítorí rẹ̀. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà lára àwo ẹ̀yẹ, àwọn òbí lè kọ̀ ọ́.

Katikíìsì, Ọbàléndé

Ẹ fọkàn balẹ̀. “Lux” ni ìmọ́lẹ̀, “ferre” ni kí a gbé nǹkan, “lucifer” sì ni ẹni tí ń gbé ìmọ́lẹ̀ bọ̀. Ìràwọ̀ òwúrọ̀ ni àwọn ará Róòmù ń pè bẹ́ẹ̀, èyíinì ni àgùàlà nígbà tí ó bá yọ ṣáájú oòrùn. Inú Aísáyà 14:12, níbi tí wòlíì ti ń fi ọba Bábílónì tí ó ṣubú wé ìràwọ̀ náà, ni àwọn ènìyàn ti mú un lọ bá Sátánì. Ṣùgbọ́n nínú Bíbélì Látìn kan náà, ní 2 Pétérù 1:19, níbi tí àpọ́sítélì ti ní kí ìràwọ̀ òwúrọ̀ yọ nínú ọkàn yín, “lucifer” ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àwa Kátólíìkì sì ń fi ọ̀rọ̀ yẹn kọrin nípa Kristi fúnra rẹ̀ ní òru Àjíǹde, nínú orin àbẹ́là Ọdún Àjíǹde. Lucy tí ẹ mẹ́nu bà, orúkọ ẹni mímọ́ tí wọ́n pa nítorí ìgbàgbọ́ ni. Ìmọ́lẹ̀ kò jẹ̀bi ohunkóhun.

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún ti “clarus”, tí ó wà nínú “clarissimus” tí Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́nu bà nínú oyè àwọn ọlọ́lá. Ohùn tí ó ròkè tí ó sì já gaara ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ jẹ́ kí ó tó di ti ojú, gbòǹgbò kan náà ni òun àti “clamare”, kí a ké. Nítorí náà ni “clear” fi bá ohùn àti omi mu bákan náà. Bí ẹ bá ní ẹ̀bùn fún ọmọ tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ níwájú ènìyàn, “Clarity” ni kí ẹ kọ sí i.

Olùkọ́ Yábàá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun, Ọlọ́run yóò máa fún yín ní ọgbọ́n kún ọgbọ́n. Mo ti bá ọ̀gá wa sọ̀rọ̀. Ó gbà kí a yọ “Prodigy” kúrò kí a sì kọ “Talent” síbẹ̀. Ó kọ̀ láti yọ “Illustrious”, ó ní ipò olórí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ipò tí gbogbo ènìyàn ń wò, nítorí náà n ó sọ ọ́ fún àwọn òbí bí Akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ ọ́, pé ẹni tí ìmọ́lẹ̀ tàn sí lára ni, kí ọmọ náà sì mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Ó fi “Erudite” kún un pẹ̀lú, a sì ti mọ ọmọ tí yóò gbà á.

Fún “Brilliant”, n ó sọ pé ọmọ tí dídán rẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́. “Luminary” ni ọmọ tí ń tàn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, “Ingenious” ni ẹni tí làákàyè rẹ̀ ń bí nǹkan tuntun, n ó sì gbé fáànù ọmọ náà sókè kí wọ́n rí i kí n tó sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. “Genius” ni ẹ̀bùn tí a bí mọ́ ọmọ, n kò ní pè é ní orí.

Ó ku ìbéèrè kan. Ọmọ méjì ni ó jọ gba ipò kìíní nínú ìṣirò, ọ̀gá wa sì fẹ́ kọ orúkọ àwọn méjèèjì sára àwo kan ṣoṣo lábẹ́ ọ̀rọ̀ “Genius”. Báwo ni a ṣe ń sọ ọ́ di ọ̀pọ̀? Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní “Genii” ni, nítorí pé Látìn ni.

Bàbá Ìsàlẹ̀ Èkó

Ní Látìn, “genii” ni lóòótọ́. Ní Gẹ̀ẹ́sì, “genii” jẹ́ ti àwọn ẹ̀mí tí Ọmọ Ìṣẹ̀ṣe ń sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni, “Geniuses” ni kí ẹ kọ.

Atẹ̀wé Ṣómólú

“Geniuses” á gba àyè lára àwo náà, bí orúkọ àwọn ọmọ méjèèjì kò bá gùn jù. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ ní kíkọ, ẹ má pè é fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù, kí “Ingenious” má baà yí padà lójú ọ̀nà.